Ṣíbí Mẹ́ta Lára Asà Abúlé Kan ní Jámánì

Ìbéèrè ará ilé

Láti ìgbà tí mo ti wá sinmi nílé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí ní ọjà Arákálẹ̀ ní Àkúrẹ́: ṣé òtútù Jámánì pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń wí? Mo máa ń ní ó pọ̀. Àǹtí Bísí, àbúrò màámi, tó ti pẹ́ nílé ọkọ ní Àkúrẹ́ débi pé ó ti ń gbàgbé èdè Oǹdó tiwa, bi mí ní tirẹ̀: "Ṣé wọ́n ń jẹ uṣu níbẹ̀?" Mo ní wọn kì í jẹ iṣu. Ó mirí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún, ó ní, "Háà. Ẹ kú ìfaradà o," ó sì padà sídìí ọjà rẹ̀.

Òtútù wà lóòótọ́, iṣu kò sì sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo gbé bọ̀ lọ́kàn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìtumọ̀ àwòrán kan tí mo rí lára asà abúlé kan, àti ohun tí ìtumọ̀ náà ṣe sí ayé mi. Kò ṣe é sọ ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń wọ́ mọ́ mi lẹ́nu, nítorí èmi jẹ́ ẹni tí í máa ṣàlàyé bí inú òun ṣe rí títí ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò fi máa wo aago. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dún tí mo lọ. Búrẹ́dì ti kéré débi pé àwọn ọmọ Àǹtí Bísí ń pè é ní bisikíìtì. Mo ti kàwé gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ kò sì sí. Lójoojúmọ́ ni mo ń jí pẹ̀lú àyà jíjá, bí ẹni tó gbàgbé oúnjẹ sórí iná, bẹ́ẹ̀ kò sì sí oúnjẹ kankan lórí iná ọ̀hún. Màámi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé ní ìlú Oǹdó, ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí n lè rin ìrìn-àjò náà. Ẹgbẹ́ kan ní abúlé kan ní Jámánì ló ń wá ọ̀dọ́ tí yóò máa gbé pẹ̀lú ìyá arúgbó kan, tí yóò máa ràn án lọ́wọ́ nínú ilé. Bí abúlé náà bá gba ẹni náà lẹ́yìn àkókò díẹ̀, yóò dúró, wọn yóò sì kọ́ ọ níṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Bí wọn kò bá gbà á, yóò padà sílé.

Bí wọn kò bá gbà á. Gbólóhùn yìí ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Dídé

N kò ní fi ọ̀rọ̀ pápákọ̀ yọ yín lẹ́nu. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú inú rí ni ìgbà tí bọ́ọ̀sì kékeré kan gbé mi kúrò nínú ìlú ńlá, tó ń gun òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tí mo sì fi imú mọ́ gíláàsì fèrèsé bí ọmọdé. Igi ápù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Èso wọn ti pọ́n, wọ́n ń já bọ́ sórí koríko, ẹnikẹ́ni kò sì ṣà wọ́n. N kò rí ọmọ kan ṣoṣo tó ń sọ òkò sí wọn. Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ salalu, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì jinlẹ̀ bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá dé abúlé bí Ìpògún tàbí Ọ̀dà láàárọ̀, ìwọ yóò gbọ́ àkùkọ, ìwọ yóò gbọ́ ewúrẹ́, ẹni tó ń kọrin àti ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ jà. Níbẹ̀, àwọn màlúù pàápàá ń jẹko bí ẹni tó wà nínú ìdánwò. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rù tí ènìyàn ń ní nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó ṣófo ni.

Gbogbo abúlé tí a ń kọjá ló ní àwòrán tirẹ̀ lára pákó ní àbáwọlé. Wọ́n ń yà á sínú asà, irú èyí tí jagunjagun ń gbé sójú àyà. Ọ̀kan ní kìnnìún. Òmíràn ní idà méjì tó dábùú ara wọn. Abúlé kan tí kò tó ìdajì Ọ̀dà, adé ọba ló wà lára tirẹ̀! Èmi akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń yọ̀ lórí ìjókòó mi, mo ń ronú ogun tí wọ́n ti jà àti ọba tí wọ́n ti sìn.

A wá dé tèmi. Ìsàlẹ̀ asà náà jẹ́ àwọ̀ ewé, òkè rẹ̀ funfun, ṣíbí igi mẹ́ta sì dúró lóòró lórí funfun náà. Ṣíbí, irú èyí tí a fi ń ro ọbẹ̀.

Mo bi awakọ̀ pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Abúlé kejì ni òun ti wá. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìran Láṣíbí nìyẹn! Ṣé o ti jẹun? Bí o kò bá tíì jẹun, jẹ́ kí n gbé ọ padà. Wọ́n ti lá ìkòkò wọn gbẹ!"

Mo rántí bí àwọn ará Oǹdó àti ará Àkúrẹ́ ṣe máa ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ nílé, ara sì tù mí díẹ̀. Mo ní, ó dáa, ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n.

Oma

Ìyá arúgbó tí mo wá bá gbé ń jẹ́ Hedwig. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ga, ó gbẹ, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ti fìgbà kan jẹ́ olùkọ́ ní abúlé náà. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sí mi kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́; èmi kúnlẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó rọra bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" ló bi mí. "Ṣé kọ́kọ́rọ́ ni?"

Bí àwa méjèèjì ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn, tó ń bá mi wá ohun tí kò sọnù. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kọ́kọ́rọ́ ni lóòótọ́.

Ó ní kí n máa pe òun ní Hedwig. Mo ní, "Rárá mà, n kò lè ṣe é."

"Kí ló dé? Orúkọ mi nìyẹn."

Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò pe ẹni tó dàgbà ju ìyá ìyá rẹ̀ lọ lórúkọ gbalaja bẹ́ẹ̀? A fà á títí, a wá fẹnu kò sórí "Oma", orúkọ tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe ìyá àgbà.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n n kò bí ìyá rẹ."

Mo ní, "Mo mọ̀, Oma."

Ìgbà náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Oúnjẹ wọn kọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́, lẹ́yìn náà ó yà mí lẹ́nu. Ọ̀sán nìkan ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ gbígbóná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, Oma gbé búrẹ́dì dúdú kan kalẹ̀ tó wúwo bí bíríkì, ó gbé wàrà àti kùkúńbà tí wọ́n rì sínú fínígà tì í. Mo jókòó, mo ń retí kí oúnjẹ dé. Oma náà jókòó, ó ń wò mí. "Kí là ń retí?" ló bi mí. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì yẹn! Ẹ̀là kan péré, ó dúró tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Búrẹ́dì tiwa lọ́dún yẹn, atẹ́gùn ni à ń rà.

Mo ti rò pé bí mo bá ti kọjá òkun, mo ti kọjá ọdún líle. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná ti gbówó lórí, Oma sì ti ti gbogbo yàrá pa. Ilé ìdáná nìkan ló ń gbóná. Ibẹ̀ ni a jọ ń jókòó, òun ń hun ìbọ̀sẹ̀, èmi ń kọ́ èdè. Yóò sinmi ìhunṣọ náà, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Ọdún yìí le o." Bí màámi ṣe ń mí gan-an nìyẹn lórí ìjókòó tirẹ̀ ní Oǹdó. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tí èyí ṣe sí mi. Obìnrin méjì tí kò mọ ara wọn, tí kò ní rí ara wọn láéláé, wọ́n ń mí ìmí kan náà, èmi nìkan sì ni mo ti gbọ́ ti àwọn méjèèjì.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Oma bí, ọkùnrin, ó ń gbé ní ìlú ńlá. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí kò bá rí ẹni gbé tì í nígbà òtútù, òun yóò mú un lọ sí ilé àwọn arúgbó níbẹ̀. Oma sọ èyí fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tó ń bó ànàmọ́ òyìnbó, kò sì gbójú sókè. Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù mi ti di méjì, tèmi àti tirẹ̀.

Àjèjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa jíjẹ́ àjèjì. Kò sí ẹni tó bú mi. Àwọn kan ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n ń fún mi ní ápù àti ẹyin. Àwọn kan kì í dáhùn bí mo bá kí wọn, wọ́n kàn ń wo ibi tí mo dúró sí bí ẹni pé wọ́n gbé àga kan síbi tí àga kì í sábà wà. N kò bínú sí wọn. Ẹ̀rù wọn ló ń bà mí, mo sì rò pé ẹ̀rù mi ń ba àwọn náà. Mo ń rẹ́rìn-ín jù, mo ń dúpẹ́ jù. Nígbà tí mo bá délé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa ro mí.

Olórí abúlé náà ni Ọ̀gbẹ́ni Brandt, ọkùnrin ńlá kan tó ń tún katakata ṣe. Baálẹ̀ ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Ó wá wò wá lọ́jọ́ kan, ó jókòó sí ilé ìdáná, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Fola," ó ní, nítorí Fọlákẹ́ le fún wọn, "n kò ní parọ́ fún ọ. Àwọn kan fẹ́ kí o dúró. Àwọn kan ní o kò ní lè fara da òtútù wa, pé wàá sá lọ láàárín rẹ̀. Ní Ìsinmi Ìkórè la óò parí ọ̀rọ̀ náà."

"Ṣé ẹ óò sọ fún mi lọ́jọ́ náà, sà?"

"Wàá mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà."

Mo fẹ́ bi í bí n ó ṣe mọ̀ ọ́n, ẹnu mi kò gbà á. Mo bi í léèrè ìtumọ̀ ṣíbí mẹ́ta dípò rẹ̀. Ó ní àwọn baba ńlá àwọn ń fi igi gbẹ́ ṣíbí tà, ó ti parí. Mo bi pásítọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ó ní Mẹ́talọ́kan ni. Mo wá bi Oma.

"Wọ́n ń sọ ohun tó bá wù wọ́n," ni Oma wí.

"Kí ni ẹ̀yin mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Mo mọ̀ pé àwo yẹn kò tíì mọ́. Fọ̀ ọ́."

Ọkàn mi kò sì kúrò níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àwọn àgbà ń fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀: wọn á so owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀, wọn á fi rán ẹni kan sí ẹni kan, ẹni náà á wò ó, á sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni tàbí ìjà. Àrokò là ń pè é. Mo ní, àrokò ni ṣíbí wọ̀nyí. Ẹnì kan ló fi wọ́n ránṣẹ́. Ta ni ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí?

Ìsinmi Ìkórè

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó, ẹ mọ ìkórè tiwa: iṣu, àkùkọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ariwo gbàǹjo, ijó. Tiwọn dákẹ́. Wọ́n to elégédé, ápù àti ìtí ọkà síwájú pẹpẹ, oòrùn sì gba ojú fèrèsé aláràbarà wọlé, ó bà lé wọn lórí ní pupa àti búlúù. Mo sunkún. Mo rò pé ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú ẹkún náà, ṣùgbọ́n ẹwà náà ní ìpín tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo abúlé kó lọ sí gbọ̀ngàn wọn. Asà náà wà lára ògiri níbẹ̀, ti àtijọ́, wọ́n gbẹ́ ẹ sára igi, èéfín ọdún pípẹ́ sì ti sọ ṣíbí mẹ́ta náà di dúdú. Ìkòkò irin ńlá kan wà láàárín, ọbẹ̀ ẹ̀wà pẹlẹbẹ kan ń hó nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹran yíyan. Òórùn rẹ̀ ni òórùn ilé àkọ́kọ́ tó kàn mí nímú láti ìgbà tí mo ti dé. Àwọn àgbà jókòó sítòsí ìkòkò, Oma ló ṣáájú wọn. Èmi lọ jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì, nítorí èmi ni mo kéré jù nínú àwọn àgbàlagbà tó wà níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó jẹun. Ọ̀gbẹ́ni Brandt mú ṣíbí igi tuntun kan, ó fi bu ọbẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbè é lábẹ́ kí ó má kán sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀. Ó kọjá Oma. Ó kọjá gbogbo àwọn àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iwájú mi ló dúró sí.

"Fola," ó ní, "jẹ."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mi, kí ẹ má baà rò pé mo ya wèrè. Ọmọ Oǹdó ni mí. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tó bá fọwọ́ kan oúnjẹ kí àgbà tó kàn án, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Mo wo àwọn orí funfun tó jókòó bẹẹrẹ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì tọ́ ọbẹ̀ wò, mo sì wo ṣíbí tó wà níwájú ẹnu mi. Mo ní nínú ọkàn mi: Háà, ìdánwò nìyí! Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kọ́ mi nílé. Inú mi tiẹ̀ dùn, nítorí èyí ni ìdánwò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀, mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo sì fi èdè wọn sọ ọ́ ketekete:

"Rárá, ẹ ṣeun, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Brandt kò bínú. Ojú rẹ̀ kàn rọ, bí ojú ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó gbọ́ pé wọ́n ti í láti inú.

"Ó dáa," ó wí jẹ́jẹ́. Ó yí padà.

Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ fún ọkọ rẹ̀, "O rí i? Kò fẹ́ dúró tì wá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ wá."

Ìgbà náà ni ó yé mi. Èyí ni bí n ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣíbí yẹn ni ìdáhùn wọn, wọ́n ti gbà mí, èmi ni mo sì ní rárá. Mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ màámi lójú mi. Mo wo Oma, mo sì rí i tó di ọ̀pá rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo èdè tí mo kọ́ ti fò lọ.

Ohun tí Oma sọ

Ọ̀pá ni a kọ́kọ́ gbọ́. Ó fi gbá ilẹ̀ pákó gbọ̀ngàn náà.

"Brandt! Dúró níbẹ̀."

"Hedwig, ó ti sọ pé rárá. A ti bi í."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

"Bí ẹ ṣe ń ṣe é! Gbójú sókè, kí o ka ohun tó wà lára ògiri. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tètè dákẹ́. Ọkùnrin ńlá náà gbójú sókè, ọbẹ̀ ń kán sára bàtà rẹ̀.

"Mẹ́ta," ó wí, bí ọmọ ilé-ìwé.

Oma dìde. Ó pẹ́ kó tó dìde tán, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó ní ìyá òun ló sọ ọ́ fún òun, ìyá tirẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, wọ́n sì ní kí òun má sọ ọ́ níwájú àlejò, nítorí kì í ṣe ìtàn iyì. Ó wá sọ ọ́ níwájú mi.

Láyé àtijọ́, lẹ́yìn ogun kan, ìyàn mú lábẹ́ yìnyín, ìkòkò kan ṣoṣo ló kù tí gbogbo abúlé ń jẹ nínú rẹ̀. Obìnrin kan gba ojú ọ̀nà wọ abúlé, ó di ọmọ ọwọ́ mọ́ra. Baálé ilé kan bu ọbẹ̀ sí ṣíbí, ó gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ní rárá. Baálé náà ní, ó dáa, òun ti ṣe tòun. Ó gbé ṣíbí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí obìnrin náà lábẹ́ igi tó wà lẹ́bàá kànga. Ó ti kú. Ọmọ náà yè nínú aṣọ ìyá rẹ̀.

"Kò kọ̀ nítorí pé ó yó," ni Oma wí. "Ojú ló tì í. Kò ní ohun tí yóò fi san án, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ebi lójú òun. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ya mẹ́ta. Ṣíbí kìíní fún ebi. Èkejì fún ìtìjú. Ẹ̀kẹta fún ènìyàn fúnra rẹ̀. Bó bá kọ ẹ̀kẹta, ìgbà náà ló tó kọ̀ wá. Ọmọ yẹn dàgbà síbí. Ìdajì ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yín. Ẹ sì ń bini lẹ́ẹ̀kan!"

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Mo rántí kìnnìún, idà àti adé tí mo ti rí lójú ọ̀nà. Gbogbo ayé ni í gbé ohun tó borí kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn wọ̀nyí gbé ibi tí wọ́n ti kùnà kọ́ síbẹ̀. Oríkì tiwa náà, bí ẹ bá fetí sí i dáadáa nígbà tí àwọn ìyá wa ń kì í láàárọ̀, kì í ṣe ìyìn nìkan. Bí baba ńlá ẹni bá hu ìwà kan tí kò dára, wọ́n ń fi í síbẹ̀, kí ọmọ lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Èmi tó kàwé ìtàn kò ronú kàn án rí títí di ọjọ́ yẹn. Ara wọn ni wọ́n fi àrokò náà ránṣẹ́ sí. Ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Brandt padà sídìí ìkòkò, ó tún bu ọbẹ̀, ó tún rìn wá.

"Fola. Jẹ."

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ jẹ ẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún wo àwọn àgbà wọ̀nyẹn, mo sì pa ẹnu dé. Èdè padà sẹ́nu mi wuruwuru.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Mo fẹ́! Ṣùgbọ́n èmi ni mo kéré jù. Nílé wa, ọmọdé kì í jẹun ṣáájú àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Oma ná."

Ó dúró gbọnrangandan. "Nítorí èyí lo ṣe ní rárá? Nítorí Hedwig kò tíì jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló wá dé tí o fi wà nílẹ̀?"

"Mo ń kí yín ni, sà."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó ń yí bọ̀ bí òjò tó ń ti Òkè Ìdànrè bọ̀. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi fi ọwọ́ bojú, mo sì rí i pé ó ń sunkún pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀gbẹ́ni Brandt gbé ṣíbí náà lọ bá Oma, ó tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọ. Oma gbà á, ó tọ́ ọ wò, ó rúnjú.

"Ó ti tutù," ó wí. "Ọ̀rọ̀ yín pọ̀ jù. Ẹ bu gbígbóná fún ọmọ náà."

Nígbà tí ṣíbí dé iwájú mi lẹ́ẹ̀kẹta, mo la ẹnu, mo jẹ ẹ́. Ó kan díẹ̀ nítorí fínígà, ó sì gbóná débi pé omi bọ́ lójú mi, tàbí kí n sọ pé òun ni mo fi ṣe àwáwí. Wọn kò pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn mú ṣíbí tiwọn, wọ́n fi ń lu tábìlì, àgbà àti ọmọdé, títí ògiri fi ń dún àti asà tó wà lára rẹ̀. Mo ti gbọ́ ariwo rí láyé mi. N kò tíì gbọ́ irú èyí tó jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Ìpè

Mo pe màámi ní ọ̀sán ọjọ́ náà láti ilé ìdáná. Oma jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ kò sì gbọ́ Yorùbá lóòótọ́.

"Màámi, wọ́n gbà mí o."

"Olúwa, o ṣeun! O ṣeun! Báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ọ?"

"Wọ́n fi ṣíbí bu ọbẹ̀ fún mi níwájú gbogbo ìlú."

"Níwájú àwọn àgbà? Kí wọ́n tó jẹ? Fọlákẹ́, má sọ fún mi pé o jẹ ẹ́."

"N kò jẹ ẹ́, Màámi. Mo kọ̀ ọ́. Wọ́n tún gbé e wá, mo tún kọ̀ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì!" Ó figbe ta, Oma pàápàá wojú mi. "Ó ti pa mí! Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa kọ oúnjẹ ẹni tó gbà ọ́ sílé?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí nǹkan ti le. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n wá tún bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta?"

"Wọ́n bẹ̀ mí, Màámi. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Fọlákẹ́," ó wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "gbogbo ibi tí o ti kan ilẹ̀kùn nílé níbí, ta ló bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan?"

"Kò sí, Màámi."

"Dúró tì wọ́n," ni màámi wí.